Òwú Funfun Lára Fìríìjì

Abẹ́rẹ́ kì í ṣe àjèjì sí aránṣọ náà. Láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti ń rán aṣọ, abẹ́rẹ́ sì ti gún un lọ́wọ́ débi pé kì í pariwo mọ́. Á kàn fi ìka sẹ́nu, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí dókítà ẹran fi síríǹjì kékeré kan lé e lọ́wọ́, tó ní kó gún ológbò rẹ̀, ó dì í mú bí ẹni tí kò di abẹ́rẹ́ mú rí.

Ológbò mẹ́rin ló wà nílé náà. Alàgbà ni àgbà wọn, ọ̀lẹ tí kì í dìde àfi bó bá gbọ́ ìró àwo. Sìsí ló tẹ̀ lé e, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun àfi lọ́jọ́ tó bá wù ú. Ẹ̀kẹta ni Jagunlabí, olè paraku. Àbíkẹ́yìn ni Kékeré, tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Inú àpò àgékù aṣọ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni aránṣọ ti bá a, tó ń ké, tí ojú rẹ̀ kò tíì là tán. Ó ń kán wàrà sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ títí tó fi lè dìde. Ká má parọ́, ó fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn mẹ́ta tó kù lọ.

Nígbà tí àìsàn dé, kò sẹ́ni tó tètè mọ ẹni tó ń ṣe. Yanrìn tí wọ́n ń tọ̀ sí ń rin gbingbin láràárọ̀, omi inú abọ́ ń tán wéré, ṣùgbọ́n gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ọkọ aránṣọ ló wádìí ẹ̀. Atún-aago-ṣe ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì, sùúrù pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ omi, ó fi ìwé sórí itan, ó ń fa ìlà fún ẹnikẹ́ni tó bá wá mu. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Kékeré nìkan ti mu ún nígbà mẹ́rìnlá.

Dókítà ní àtọ̀gbẹ ni, pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ní kì í sábà mú èyí tó kéré tó báyìí, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń gún un láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, tí wọ́n sì ń ṣọ́ oúnjẹ rẹ̀, ó lè pẹ́ láyé dáadáa.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gún un lẹ́ẹ̀mejì o," ó kìlọ̀. "Tí kò bá dá yín lójú, ẹ fi í sílẹ̀. Oògùn yìí máa ń fa ṣúgà ara wálẹ̀; èyí tó bá pọ̀ jù lè pa á kó tó dọ̀sán."

Bí ilé ṣe yí padà nìyẹn. Wọ́n gbé àwo oúnjẹ tí gbogbo wọn jọ ń jẹ kúrò, oníkálukú wá ń jẹun lẹ́yìn ilẹ̀kùn tirẹ̀, Jagunlabí sì ń bú wọn láti inú yàrá. Aránṣọ tún mú òfin kan wá láti ṣọ́ọ̀bù. Níbẹ̀, aṣọ tí iṣẹ́ bá ti parí lára rẹ̀, òwú pupa ló máa ń so mọ́ ìkọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá gún Kékeré, kó so òwú pupa mọ́ ọwọ́ fìríìjì tí oògùn wà nínú rẹ̀. Tí àkókò mìíràn bá kù díẹ̀, wọn á tú u.

Òfin náà dára. Ṣùgbọ́n ọkọ ni kẹ́ ẹ wò. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ló fi bá eruku jà nínú aago, kò sì lè rí ìdọ̀tí bíńtín kó gbójú kúrò. Aránṣọ kò lè jáde nílé kó má dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó ṣa òwú kúrò léjìká rẹ̀, kó ṣà á kúrò nínú irun rẹ̀. Kì í sọ fún un pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Òwú ló máa ń ṣà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, oníbàárà kan tó fẹ́ rìnrìn àjò ti ń kan ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù níwájú ilé. Aránṣọ fún Kékeré lóúnjẹ, ó gún un, ó wá òwú pupa, kò rí. Ó já òwú funfun lára aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó so ó, ó sáré jáde.

Ọkọ ti ilé ìwẹ̀ dé, ó ń ronú nǹkan mìíràn. Ó rí òwú funfun lára fìríìjì. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣà á, kì í ṣe ọkàn rẹ̀. Ó sọ ọ́ nù. Lẹ́yìn náà ni Kékeré bẹ̀rẹ̀ sí ké ebi, bó ṣe máa ń ké yálà ó ti jẹ tàbí kò tíì jẹ. Bàbá wo fìríìjì, kò sí òwú pupa. Ó bu oúnjẹ díẹ̀ fún un, ó gún un. Òun náà wá òwú pupa tì, ó ní òun á sọ fún ìyàwó òun tí oníbàárà bá lọ.

Oníbàárà ò tíì lọ nígbà tí Kékeré wọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ́ mọ́ra wọn. Ó dé ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ṣubú.

"Aláago! Ẹ wá o!"

Bàbá sáré dé.

"Kí ló ṣe é? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gún un ni."

"Ẹ gún un? Èmi náà ti gún un!"

"Mi ò rí òwú."

"Mo so ó. Funfun ni."

Bàbá wo ìka rẹ̀ méjèèjì tó fi ṣa òwú náà.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Aránṣọ ń ké, ṣùgbọ́n ó ti sáré mú oyin wá láti inú ilé, ó ń fi ìka pa á mọ́ èrìgì Kékeré bí dókítà ṣe kọ́ ọ. Oníbàárà ju aṣọ tuntun rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé wọn sínú mọ́tò rẹ̀.

"Kékeré mi, má sùn," ni aránṣọ ń wí ṣáá lójú ọ̀nà. "Má sùn, ọmọ mi."

Dókítà gbà á lọ́wọ́ wọn, ó ti ilẹ̀kùn. Àwọn méjèèjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Ọwọ́ mi ló fà á," bàbá sọ.

"Ta ló ní kí n so funfun? Ẹ̀bi mi ni."

"Èmi ni mo ṣà á."

"Èmi ni mo so ó."

Wọn ò jà du nǹkan kan rí bí wọ́n ṣe jà du ẹ̀bi yẹn. Nígbà tó yá, bàbá rí òwú léjìká ìyàwó rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dìde, ó sì tún fà á padà, ó fi í sábẹ́ itan.

"Kí ni?" aránṣọ bi í.

"Òwú wà léjìká rẹ."

"Ẹ ṣà á kúrò, ṣebí."

"Ọwọ́ mi ò ṣeé fọkàn tán mọ́."

Aránṣọ sún mọ́ ọn, ó gbé èjìká rẹ̀ síwájú rẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ó pẹ́ kí bàbá tó yọ ọwọ́ jáde. Bó ṣe mú òwú náà ni dókítà ṣílẹ̀kùn, ó ní Kékeré ti gbórí sókè, ó ti ń wá oúnjẹ. Bàbá sunkún, kò sì fi pamọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí òwú kankan lára fìríìjì mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ gún Kékeré á kọ́kọ́ lọ wá ẹnì kejì rẹ̀ kàn níbikíbi tó bá wà, á wò ó lójú, á bi í bóyá ó ti gún un. Tí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ tán, bàbá á ṣa òwú léjìká ìyàwó rẹ̀.