Ilé Ọkọ̀ Bàbá Télọ̀

Ọjọ́ tí Bàbá Télọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé ọmọ rẹ̀ ká, kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sì sọ̀rọ̀ burúkú kankan. Ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láàárọ̀, ó ń fi ìka kan tẹ fóònù, inú rẹ̀ sì ń dùn ṣìnkìn. Gúrúùpù ẹbí ló kọ̀wé sí, níbi tí ọmọ rẹ̀ obìnrin wà, tí ọkọ ọmọ náà wà, tí ìyá ọkọ pẹ̀lú sì wà níbẹ̀. Ohun tó kọ nìyí: ILE OKO RE TI PARI. KO ASO RE MAA BO NILE. Ó fi ránṣẹ́, ó pa fóònù, ó lọ wẹ̀.

Ohun tí bàbá ní lọ́kàn kò ṣòro. Ó ti ní kí wọ́n fi irin ṣe ibòòji síwájú ilé fún ọkọ̀ ọmọ rẹ̀. Ilé ọkọ̀ ló parí. Ó fẹ́ kí ọmọ náà kó aṣọ dání kó lè wá sùn lọ́dọ̀ òun. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nínú fóònù? Ilé ọkọ ni ìyá ọkọ kà á sí. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, ló bá ju aṣọ tó ń ká sílẹ̀, ó ké pe ọmọ rẹ̀ ọkùnrin pé kó wá ṣàlàyé ohun tó fi ìyàwó rẹ̀ ṣe. Ọkọ pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó rẹ̀, ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sì gbé ìpè.

Kí Bàbá Télọ̀ tó jẹun àárọ̀ tán, àwọn àna ti dé. Ìyá ọkọ ló ṣáájú, ọmọ rẹ̀ tẹ̀lé e, bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò bá ihò tó yẹ kó wọ̀ mu.

"Ẹ dákun, àna wa," ni ìyá ọkọ bẹ̀rẹ̀ kó tó jókòó. "Ahọ́n àti eyín ń jà lẹ́nu, wọ́n sì jọ ń gbébẹ̀ ni. Ẹ má sọ pé ó ti parí."

"Ó ti parí mà ni," ni Bàbá Télọ̀ dáhùn, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Wẹ́dà ló bá wa parí ẹ̀ lánàá."

Ọkọ ọmọ gbé orí sókè. "Ta ni Wẹ́dà, bàbá?"

"Ọkùnrin kan tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò yìí. Ọwọ́ ẹ̀ mọ́. Èmi fúnra mi ni mo wá a rí."

"Ẹ̀yin fúnra yín?"

"Ta ni ìbá tún wá a? Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò lágbára. Òjò kan ṣoṣo ló rọ̀ tó wó lulẹ̀."

Ìyá ọkọ fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá Télọ̀ rí i pé ojú àwọn àlejò òun ti yí padà, ó rò pé wọn kò gbà á gbọ́ ni. Ó fà wọ́n lọ́wọ́ lọ síta, ó sì fi òpó irin mẹ́rin àti páànù tó ń dán lórí wọn hàn wọ́n. Àwọn méjèèjì wò ó títí. Lẹ́yìn náà ni ìyá ọkọ fìdí jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Kí ilẹ̀ ó dẹ̀ fún bàbá wa yìí o. Kò ní ọkọ̀ rí láyé rẹ̀. Kò mọ ọkọ̀ wà, kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n wà. Ṣòkòtò ló mọ̀ ọ́n rán, ó sì mọ̀ ọ́n rán dáadáa. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé bí èèyàn bá gbé aṣọ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, kò gbọdọ̀ sọ bó ṣe fẹ́ ẹ. Bàbá Télọ̀ ni yóò sọ fún un bó ṣe fẹ́ ẹ.

Ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ kú ni ọ̀rọ̀ ilé ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí ń gbé nílùú kejì tí kò jìnnà, ó máa ń wá kí bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́. Yóò dé láàárọ̀, yóò jókòó ní pálọ̀, wọn yóò sọ̀rọ̀ díẹ̀. Bí ó bá ti di ọ̀sán, yóò yọjú lójú fèrèsé wo ọkọ̀ rẹ̀ lójú títì. "Bàbá, ẹ jẹ́ n máa lọ. Oòrùn ti fẹ́ jó ọkọ̀ mi." Bó ṣe máa ń lọ nìyẹn. Bàbá yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà títí eruku yóò fi rọlẹ̀, kò ní fẹ́ wọlé. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ láyé nígbà náà, kí ọmọ òun jókòó pẹ́ díẹ̀ sí i.

"Oòrùn ló ń lé ọmọ mi lọ," ló máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá kọjá. "Èmi àti ẹ̀ la jọ máa fà á."

Aṣọ ló kọ́kọ́ fi bá oòrùn jà, nítorí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ tún wá, ó gbé téèpù jáde, ó wọn ọkọ̀ láti imú dé ìdí. Ó ní èjìká rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ìbàdí rẹ̀ fẹ̀. Ó rán ẹ̀wù ńlá kan fún un, ó rán apá méjì sí i fún dígí ẹ̀gbẹ́, ó to bọ́tìnnì síwájú, ó sì lẹ àpò kan mọ́ àyà.

"Bàbá, kí lọkọ̀ fẹ́ fi àpò ṣe?" ni ọmọ bèèrè.

"Èwo laṣọ tí ò lápò? Ṣé ọmọ òrukàn ni?"

Ẹ̀wù náà bá ọkọ̀ mu, ká má parọ́. Ṣùgbọ́n àtiwọ̀ ọ́ fún un àti àtibọ́ ọ ti jẹ gbogbo àkókò tí ọmọ ìbá fi bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n tú bọ́tìnnì tán lọ́sàn-án, ooru tó rọ́ jáde lábẹ́ aṣọ náà ju ti oòrùn lọ. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú ló wá fi ata sẹ́nu yìí. Ọmọ ṣí fèrèsé ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Bàbá Télọ̀ ní kò burú, ọ̀nà kan ò wọjà. Ó pe káfíńtà, wọ́n ri igi mẹ́rin mọ́lẹ̀, ó sì rán aṣọ tapólì kan tí wọn yóò nà sórí wọn. Káfíńtà ní kí àwọn gé òpó ẹ̀yìn kúrú díẹ̀ kí omi lè ráyè ṣàn.

"Kí ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ?" Bàbá Télọ̀ yọ awò ojú rẹ̀. "Ìwọ, tí mo bá rán ṣòkòtò bẹ́ẹ̀ fún ẹ, ṣé o máa wọ̀ ọ́ jáde?"

Káfíńtà ní òun kò ní wọ̀ ọ́. Wọ́n nà án gbalaja, ó tẹ́ bí ibùsùn. Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, tapólì lóyún. Ó ń tóbi sí i, ó ń sọ̀ kalẹ̀, bàbá sì gbé igi ìgbálẹ̀, ó wọ abẹ́ rẹ̀ lọ láti tì í sókè. Àwa ará àdúgbò tó wà lábẹ́ òrùlé lódì kejì títì ń pariwo pé kó jáde, ó rò pé à ń kí òun kú iṣẹ́ ni. Bó ṣe tì í báyìí, ni gbogbo rẹ̀ bá dà lé e lórí, igi méjì sì tẹ̀lé e wálẹ̀. Káfíńtà ló fà á jáde. Ó bá a nu ojú, ó bá a wá awò rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣòkòtò yẹn ti wá kúrú tán báyìí o."

Lẹ́yìn ìyẹn ló tó kan Wẹ́dà, ọkùnrin tó ń jó irin pọ̀. Wẹ́dà fẹ́ kí ó fẹ̀. Bàbá Télọ̀ ní rárá, kò sí aṣọ kan tó ti ọwọ́ òun jáde tó ń tú dànù lára ẹni. Wẹ́kú ni òun ń fẹ́. Wọ́n fà á títí, Wẹ́dà kó irin rẹ̀, ó lọ, ó tún padà wá, ó bá bàbá níbi tó fi í sí. Nígbà tó yá, ó rẹ Wẹ́dà, ó ṣe é wẹ́kú. Òun ló parí tí bàbá fi kọ ìwé tó kó àwọn àna dé yẹn.

Ẹni kan ṣoṣo nínú ẹbí tó ka ìwé náà bí bàbá ṣe kọ ọ́ ni ọmọ rẹ̀. Ó kúrò níbi iṣẹ́, ó rí i, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bọ́ sọ́nà. Ó bá ìyá ọkọ rẹ̀ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó ń nu ojú. Ó wa ọkọ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀ láàárín òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó wọlé geere, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ó wá fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn kọ lu irin. Ó gbìyànjú ti òdì kejì, irin náà ni.

"Bàbá, mi ò lè jáde o."

Bàbá Télọ̀ wo ọkọ̀, ó wo téèpù ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo oníbàárà tó wọn láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ní kó gbé apá sókè. Ti ọkọ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ pa dé nígbà tó wọ̀n ọ́n. "Ó mà ṣe o," ló wí. "Mi ò ní kó gbé apá."

Kò gbà kó yọ ọkọ̀ jáde lójú ẹsẹ̀. "Ṣé kò tutù níbẹ̀ ni?" Ọmọ ní ó tutù. Wọ́n gba ojú fèrèsé gbé oúnjẹ àti omi sí i, ó jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ bí ayaba, ó ń bá gbogbo wa ṣàwàdà.

Ìyá ọkọ gbé àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. "Ilé ọkọ gidi ni bàbá rẹ kọ́ yìí o, ìyàwó mi," ló wí. "Tá a bá ti wọ̀ ọ́, kò sí ìjáde mọ́."

Ẹ̀rín pọ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀sán pọ́n, ọmọ fi ẹ̀yìn yọ, ó sì lọ. Ọkọ̀ rẹ̀ tutù, ó ṣì lọ. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ó ránṣẹ́ pe Wẹ́dà padà. Lọ́tẹ̀ yìí kò bá a jiyàn. Ó ti gbé àpótí síta, ó sì ti fi ṣọ́ọ̀kì ìránṣọ tọ ipasẹ̀ òjìji látàárọ̀ dalẹ́, kó lè mọ ibi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gbà wọlé. Wọ́n sún òpó, wọ́n gbé páànù ga kí atẹ́gùn máa fẹ́ lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kó dagẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn.

"Báwo ni kó ṣe fẹ̀ tó, bàbá?"

"Jẹ́ kó na apá méjèèjì, kó tún yà."

Ó dára. Ẹ lọ wò ó, ó ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ wa ọkọ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó ṣí gbogbo ilẹ̀kùn gbayawu, ó dì mọ́ bàbá rẹ̀. Wọ́n wọ pálọ̀, wọ́n jókòó. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ó yọjú lójú fèrèsé. "Bàbá, ẹ jẹ́ n máa lọ."

Bàbá dìde. Ó mú un lọ́wọ́ lọ síta, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà lé orí ọkọ̀. Ó tutù. "Oòrùn dà?" ló bèèrè.

Ọwọ́ ọmọ pẹ́ níbẹ̀. Omi kún ojú rẹ̀. "Bàbá, kì í ṣe oòrùn. Pálọ̀ yẹn ni. Gbogbo ibi tí mo bá wò níbẹ̀, màámi ni mo ń rí. Tó bá ti ṣe díẹ̀, mi ò kì í lè mí."

"Mo mọ̀," ni bàbá wí. "Èmi náà kì í jókòó síbẹ̀ tó o bá ti lọ."

"Ẹ mọ̀? Kí wá ni gbogbo wàhálà irin àti páànù yìí?"

"Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí ikú ìyá rẹ, ọmọ mi. Oòrùn nìkan lagbára mi ká."

Ọmọ wọ ọkọ̀, ó ṣáná sí i, ó fi ẹ̀yìn jáde. Bàbá rò pé ó ti lọ nìyẹn, ó ti ń gbé ọwọ́ sókè láti jùwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n etí títì ló gbé ọkọ̀ sí, nínú oòrùn gangan, ó pa á. Ó wọlé, ó gbé àga méjì jáde, ó tò wọ́n sábẹ́ páànù. "Ẹ jókòó, bàbá."

Wọ́n jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú, ó sì sun ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe láti ọjọ́ náà. Ọkọ̀ á wà nínú oòrùn, àwọn á wà nínú ilé rẹ̀. Ọ̀dà ara ọkọ̀ náà ṣí pátápátá. Àwọn tó ń kọjá á máa béèrè ìdí tí wọn kò fi gbé e sí ibòòji tó dára tó bẹ́ẹ̀, Bàbá Télọ̀ á ní kò sáyè.

Ojú oorun ló kú sí, láàárọ̀ kan tí ojú ọjọ́ dára, bí ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Nígbà ìsìnkú, Wẹ́dà àti káfíńtà ń já ìtàn gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu, a rẹ́rìn-ín títí a fi sunkún. A fẹ́ràn bàbá yẹn. Ó yọ wá lẹ́nu, a sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ ṣì ń wá. Yóò gbé ọkọ̀ sẹ́tí títì, yóò jókòó sábẹ́ páànù, àwa náà yóò gbé àga wa lọ bá a níbẹ̀. Kì í tètè lọ mọ́.