Ọjọ́ Mẹ́ta Láti Abijan

Òórùn ọtí sódabì ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n ń fi pa òkú bàbá bàbá mi lára kí ooru má baà tètè bà á jẹ́. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ló kú. Títí di òní, bí mo bá gba ibi tí wọ́n ti ń pọn ọtí yẹn kọjá, ojú a máa tì mí.

Nílé wa ní Ìdáásà, lẹ́sẹ̀ òkè, àkọ́bí ọkùnrin ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bu erùpẹ̀ sórí bàbá rẹ̀. Àkọ́bí Bàbá Àgbà ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń ṣe káfíńtà ní Abijan. Bàbá Abijan ni àwa ọmọdé ń pè é. Wọ́n tẹ tẹlẹgíráàmù sí i. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, èsì dé. Èmi ni mo kà á, torí èmi nìkan ni mo ń lọ sílé ìwé nínú agbolé: "Ọkọ̀ òfurufú ni mo ń wọ̀ bọ̀. Ẹ dúró dè mí."

Bàbá Kékeré, àbúrò olóògbé, pè mí sábẹ́ igi máńgòrò.

"Ọ̀mọ̀wé wa, òkú yìí lè dúró di ọ̀sán ọ̀la, kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Báwo ni ọkọ̀ òfurufú ṣe ń pẹ́ tó láti Abijan dé Kútọnu?"

"Ẹ jẹ́ kó lọ bi fàdá," ni ìyàwó ilé kan wí. "Ìwé mélòó lọmọ yìí tíì kà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá mi a máa sọ pé abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, fàdá sì ti wọ ọkọ̀ òfurufú rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn dùn mí. Mo gbé ìwé àwòrán ilẹ̀ mi jáde. Kútọnu sí Ìdáásà jẹ́ ìbú èékánná kan, ọkọ̀ ojú irin a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba odindi ọjọ́ níbẹ̀. Kútọnu sí Abijan lé ní èékánná mẹ́ta. Ọkọ̀ òfurufú tó máa ń kọjá lórí òkè wa, lójú mi, igún yá jù ú lọ.

"Ọjọ́ mẹ́ta ó lé, Bàbá."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Wọ́n sin Bàbá Àgbà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tákísì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Abijan ló sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n mú un lọ sídìí sàréè lẹ́yìn ilé. Erùpẹ̀ ṣì tutù.

"Mi ò lò tó wákàtí mẹ́ta lókè," ó ní. "Kútọnu ni mo sùn. Ta ló ní kí ẹ má dúró?"

Mo wà lẹ́yìn ìyá mi. Bàbá Kékeré kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi.

"Èmi ni," ó ní. "Mo rò pé ọ̀nà náà jìn."

Bàbá Abijan kò kí i mọ́ títí Bàbá Kékeré náà fi kú, kò sì wá síbi ìsìnkú rẹ̀. Bàbá Kékeré kò dá mi lẹ́bi lọ́jọ́ kan. Ó kàn jẹ́ pé kò pè mí ní ọ̀mọ̀wé mọ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni mo fi ilé ìwé sílẹ̀. Ẹrù ni mo ń já níbùdókọ̀ ojú irin báyìí. Èrò a máa bi mí bí ibi kan ṣe jìnnà tó, bí mi ò bá sì mọ̀, mo ń sọ pé mi ò mọ̀. Ọmọ ọjọ́sí kò lè sọ ìyẹn.

Ṣùgbọ́n Bàbá Abijan ṣì wà láyé. Lẹ́tà pàápàá ń wọ ọkọ̀ òfurufú, kò sì tó wákàtí mẹ́ta. Ọdún keje rèé tí mo ti fẹ́ kọ ọ̀kan sí i, mi ò tíì kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló yẹ kó wà nínú rẹ̀, "Èmi ni", Bàbá Kékeré ló sì ti bá mi sọ wọ́n.