Mi Ò Mánéèjì

Ìjì ńlá kan ló ṣí páànù orí kíláàsì mi dànù, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ti ń ṣe tíṣà nítòsí Kabba. Mo lọ bá ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Màdáámù, ẹ ṣì máa mánéèjì ẹ̀."

Mo mánéèjì ẹ̀. Bí oòrùn bá mú, a bọ́ sábẹ́ igi máńgòrò. Bí òjò bá ṣú, mo ní kí àwọn ọmọ máa lọ sílé.

Inú ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n bí mi sí. Bí ọbẹ̀ kò bá lẹ́ran, ìyá mi á ní ká mánéèjì ẹ̀. Nígbà tí orúnkún bàbá mi wú, dókítà ní kò ṣeé wò tán, pé àwọn á kàn máa mánéèjì ẹ̀. Nígbà tí mo sunkún wálé láti ilé ọkọ, ẹ̀gbọ́n ìyá mi bi mí pé, "Ta ni kò mánéèjì ọkọ?"

Lọ́jọ́ kan, a ń ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ igi, a sì kan ọ̀rọ̀ náà: ọkùnrin kan tó so táì ń mánéèjì ilé iṣẹ́ ńlá. Ọmọbìnrin kan nawọ́.

"Àǹtí, ṣé òun náà ò lórùlé ni?"

Àwọn yòókù ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń dúró de èsì. Mo ní ẹni tó ń darí nǹkan kó lè lọ déédéé ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ojú tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ni ẹnìkan wá yẹ ilé-ìwé wò láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́.

"Okun o," ó kí wa bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń kíra. "Iṣẹ́ ń lọ?"

Ọ̀gá wa tẹríba. "À ń mánéèjì, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó ti kọjú sí ọkọ̀ rẹ̀.

Mo ní, "Sà, mi ò mánéèjì. Kíláàsì mi ò lórùlé."

Ọ̀gá wa fojú sọ̀kò sí mi. Àlejò wa ní kí n ṣe sùúrù, owó ò tíì wọlé. Ó wọkọ̀, ó lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òjò ṣú. Kàkà kí n lé àwọn ọmọ lọ sílé, mo kó gbogbo wọn wọ ọ́fíìsì ọ̀gá, mo gbé pátákó ti ògiri, mo bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Ó bá wa níbẹ̀, omi ń kán lára agboòrùn rẹ̀.

"Níbo lẹ fẹ́ kí èmi jókòó sí?"

Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi. Mo gbé e mì. Mi ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́, bó ti wù kó dùn mọ́ mi tó.

"Ẹ wá bá wa jókòó, sà," ni mo wí.

Kò jókòó. Ó fi ẹjọ́ mi sùn ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí òjò ṣú, ọ́fíìsì yẹn náà la wọ̀, títí káfíńtà fi dé pẹ̀lú páànù.

Wọ́n gbé mi kúrò lẹ́yìn náà lọ sí abúlé kan ní Bùnú, níbi tí ọ̀nà ọ̀dà ò dé. Wọ́n rò pé màá bẹ̀bẹ̀. Mo di ẹrù mi, mo lọ. Ilẹ̀kùn kíláàsì tí wọ́n fún mi ti já. Mo kí ọ̀gá ibẹ̀ tán, mo bi í léèrè ilé káfíńtà.