Irin Tírọ́lì Bàbá Mi

Ilé ìlagi ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́, ní ìlú kékeré kan tó wà láàárín Ọ̀wọ̀ àti Ifọ̀n. Ará Àkókó ni, iṣẹ́ ló gbé e débẹ̀. Nílé ìlagi, orí kẹ̀kẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní tírọ́lì ni wọ́n ń gbé ìtì igi kà, wọn á sì tì í lórí irin gígùn méjì lọ sẹ́nu ayùn. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ ra tuntun, ó fi ògbólógbòó tírọ́lì àti irin rẹ̀ ta bàbá mi lọ́rẹ. Ẹlòmíràn ì bá tà á. Bàbá mi tò ó sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn ilé wa.

Irin náà sọ̀kalẹ̀ láti ìdí igi ọsàn, ó gun òkìtì kan láàárín, ó sì tún gòkè díẹ̀ nísàlẹ̀ kí tírọ́lì lè fúnra rẹ̀ dúró. Kò ní ẹ́ńjìnì. Òfin kan ṣoṣo ló wà: kí o tó gùn ún lẹ́ẹ̀kan, o ní láti bá wa tì í gòkè lẹ́ẹ̀mejì. Bí a bá dé orí òkìtì yẹn, inú mi á ṣófo lójijì, ẹ̀rù á bà mí, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì rí ayọ̀ mìíràn tó dà bí i rẹ̀.

Nígbà tí mo dé yunifásítì ni mo kà nínú ìwé kan pé bí eré kẹ̀kẹ́ orí irin tó wà ní ọgbà ìgbafẹ́ òyìnbó ṣe bẹ̀rẹ̀ láyé náà nìyẹn. Àwọn ará Rọ́ṣíà ń fi yíyọ̀ ṣeré lórí òkè yìnyín tí wọ́n fi pákó gbé ró. Ní Amẹ́ríkà, ojú irin tí wọ́n fi ń kó èédú sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè ni àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gùn fún fàájì, kí ọgbà ìgbafẹ́ tó tàn káàkiri àwọn ìlú wọn. Mo pa ìwé náà dé, mo sunkún ní láíbìrì. Kì í ṣe ìbànújẹ́. Ìbínú ni. Irin èédú tiwọn di ọgbà ìgbafẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí tiwa dà.

Mo wà ní kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tí akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè ìlú wá sílé wa. Ó wo tírọ́lì, ó wo àwọn ọmọ.

"Bàbá, ta ló fún yín láṣẹ?"

"Ẹ má bínú, sà. Eré ọmọdé ni."

"Bí ọmọ ọlọ́mọ bá kán lẹ́sẹ̀ ńkọ́?" Ó yí irin náà ká, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Ìgbìmọ̀ máa kọ́ ọgbà ìgbafẹ́. Ẹ kó irin yín wá, ẹ̀yin náà lẹ ó máa darí ẹ̀. Ẹ ṣáà kọ̀wé béèrè iṣẹ́."

Bó ṣe lọ tán, màmá mi, ọmọ Ìdógùn tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ máa kọ̀wé kí wọ́n tó gba nǹkan yín? Olè tó ń gba lẹ́tà!"

"Ìyá ọmọ, ìlú ló ní ká mú un wá."

"Ìlú dà? Bàtà akọ̀wé nìkan ni mo rí."

Èmi ni mo kọ lẹ́tà náà, torí ọwọ́ ìkọ̀wé mi ló dára jù nínú ilé. Àní mo fi rúlà fa ìlà sábẹ́ àkọlé rẹ̀. Inú mi dùn bí mo ṣe ń kọ ọ́, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù títí di òní.

Wọ́n kọ́ ọgbà náà lóòótọ́. Wọ́n to irin bàbá mi síbẹ̀, wọ́n gbé ẹṣin onírin mẹ́rin sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n fi tapólì bò wọ́n, wọ́n sì fi ṣéènì ti géètì. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án kí àlejò pàtàkì, ìyẹn gómìnà, tó ti Àkúrẹ́ wá já ríbọ́ọ̀nù. Àlejò ò dé. Wọ́n yọ ọ́ nípò, òmíràn jẹ, wọ́n tún géètì kùn dè é, òun náà ò dé. Ẹ wo irú wa! A lè fi ebi pa ọmọ síwájú ìkòkò ọbẹ̀ nítorí pé olóyè kò tíì wá ṣí ìdérí.

Bàbá mi dá aṣọ iṣẹ́ káákì kan. Ní gbogbo Sátidé, ó ń lọ jókòó sẹ́nu géètì, láìsí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, ó ń sọ fún àwọn ọmọdé pé, "Ẹ ní sùúrù, wọ́n ń bọ̀." Wọn ò jẹ́ kó ta epo sí ẹsẹ̀ tírọ́lì pàápàá. Wọ́n ní ohun ìní ìlú ni.

Ọdún tí ìjọba alágbádá padà dé ni mo parí àgùnbánirọ̀, mo sì padà sílé láìníṣẹ́. Gbogbo nǹkan ló ń já mi láyà nígbà náà, àmọ́ mo lọ bá akọ̀wé tuntun pé kí wọ́n dá irin wa padà. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Ẹ kọ̀wé, àǹtí."

"A ti kọ ọ́."

"Ẹ tún un kọ."

Òun nìkan kọ́ ni mo ń bínú sí. Mo ń bínú sí ọwọ́ mi tó kọ ti àkọ́kọ́, mo sì ń bínú sí bàbá mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì mí láti sọ ọ́.

Ní Sátidé, mo rọ epo ẹ́ńjìnì sínú ìgò, mo gun ògiri ọgbà wọlé. Koríko ti bo àwọn ẹṣin. Bàbá mi dìde lórí àga rẹ̀ níta.

"Jáde níbẹ̀! Wọn ò tíì ṣí i."

Mo ta epo sí ẹsẹ̀ tírọ́lì, mo tì í. Kò mira. Mo tún tì í. Bàbá mi sún mọ́ géètì, ó sọ̀rọ̀ láàárín irin rẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́: "Apá ọ̀tún ni kí o ti tì í. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló máa ń há."

Mo tì í láti ọ̀tún. Ó yí bí ìgbọ̀nwọ́ kan, ó han gooro, ó dúró, kò sì yí mọ́. Ìpẹtà ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin.

Bí a ṣe ń lọ sílé, bàbá mi gbọn koríko kúrò lára aṣọ mi. Ó ní, "Lẹ́tà tí o ní akọ̀wé ní ká tún kọ yẹn, ìgbà wo lo máa kọ ọ́? Ọwọ́ rẹ ṣáà dára."