Àmì Dúdú Gìgísẹ̀ Ìyá Àgbà

Ẹ̀jẹ̀ ni mo rí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá àgbàlá tán ni, ipa ìgbálẹ̀ ṣì wà lára ilẹ̀, nígbà tí ìyá tó bí ìyá mi gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ìdí òfì rẹ̀. Gbogbo ibi tó ti fi ẹsẹ̀ òsì tẹlẹ̀ ló ní ẹ̀jẹ̀. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hunṣọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Gbì, gbì, ni igi òfì ń dún.

"Ìyá àgbà, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́sẹ̀ yín!"

"Ẹ̀gún ni. Lọ gbé omi kaná."

Ní Kabba, láyé ìgbà tí òyìnbó ṣì ń ṣàkóso wa, ta ni kì í fi ẹsẹ̀ lásán lọ sóko? Ẹ̀gún kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ dúdú fọ ẹsẹ̀ náà, àyà mi já. Àmì dúdú kékeré kan ti wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀ tipẹ́, kò ju hóró ilá kan lọ. Ó ti fẹ̀ ju àtàǹpàkò mi lọ. Etí rẹ̀ rí jákujàku. Apá kan dúdú bí èédú, apá kan pọ́n rúsúrúsú, àárín rẹ̀ sì ti là. Kò sí ẹ̀gún kankan níbẹ̀.

Mo figbe ta. Ìyá mi sáré dé, ó wò ó, ó ká ọwọ́ lérí.

"Ìyá mi, láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí a ti ń kọ ebè. Kò dùn mí. Ohun tí kò dunni, ṣé wọ́n ń kígbe rẹ̀ ni?"

Lọ́jọ́ kejì, a wọ lọ́rì lọ sí ilé ìwòsàn míṣọ̀n. Àmì dúdú wẹẹrẹ pọ̀ lójú ìyá àgbà láti kékeré rẹ̀. Mo rò pé àwọn yẹn ni dókítà òyìnbó máa bẹ̀rù. Ó wò wọ́n, ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí wọ́n ṣe wà náà ni wọ́n wà, wọn kò ṣe nǹkan kan. Àmọ́ bó ṣe yí gìgísẹ̀ rẹ̀ sókè, ẹ̀rín kú lójú rẹ̀. Ó fọwọ́ tẹ ibi tí itan ti pàdé ikùn. Kókó líle kan wà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wa: "Ìyá, jẹjẹrẹ ni. Àmì tó bá ń fẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, wọn kì í dúró kó dunni kí wọ́n tó wá. Ó ti rìn kúrò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀."

Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹni tó ru igi oko wálé ní ìjẹta? Ìyá àgbà kọjú sí dókítà.

"Ẹ bá mi gé e. Aṣọ ọmọ yìí ṣì wà lórí òfì."

Wọ́n gé àmì náà kúrò ní gìgísẹ̀ rẹ̀. Ó tiro padà sídìí òfì, ó sì hun aṣọ mi parí. Kí ọyẹ́ tó tún dé, ó ti kú.

Èmi náà ti di ìyá àgbà báyìí. N kì í wẹ ọmọ kí n má wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, àárín ọmọ ìka àti abẹ́ èékánná. Àwọn ọmọ mi a máa fi mí rẹ́rìn-ín. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, àmì kan bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ lápá mi. Ilẹ̀ mọ́, mo ti wà níwájú dókítà. Ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó ní kò burú, kí n ṣáà máa ṣọ́ ọ. Mo dúpẹ́, mo jáde, mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mo sì sunkún bí ọmọdé. Àṣé bó ṣe rọrùn tó láti tètè lọ fi han dókítà nìyẹn.