Ìkọ́ Tí Mọ́tò Bàbá Mi Ń Wú Nígbà Ọyẹ́

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ṣakí, kò sí ọmọ àdúgbò wa tí kò lè sín ìró mọ́tò bàbá mi jẹ. Àlòkù ni wọ́n rà á, ó dàgbà jù mí lọ, àwọ̀ ewé ara rẹ̀ sì ti ṣá. Èmi ni mo máa ń fi kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́ ní òwúrọ̀ Jímọ̀, bí mo bá ti gbálẹ̀ tán, kí n tó jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà. Bí mo bá fọ̀ ọ́ mọ́, bàbá mi á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á gbé mi jókòó sórí àpótí, á wá máa fi inú ẹ̀ hàn mí: ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ibi tí epo ti ń pàdé afẹ́fẹ́, ibi tí iná ti ń ṣẹ́ sí wọn. Ìyá mi á ní, "Bàbá Múínátù, ẹ fẹ́ sọ ọmọbìnrin di mẹkáníìkì o!" Bàbá mi á ní, "Ọkọ rẹ̀ ni yóò jàǹfààní ẹ̀."

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, ń gbé ní abà kan lẹ́yìn Tẹ̀dé, níbi tó ti ń ṣe òrí tà. Nǹkan funfun ti bo ẹyin ojú rẹ̀ méjèèjì. Dókítà ojú ní Ṣakí ní kí wọ́n máa gbé e wá fún àyẹ̀wò títí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ yóò fi pé. A máa ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, a ó jẹ iṣu sísun àti epo, a ó sùn, a ó sì gbé e lọ Ṣakí ní ìdájí. Kò sí ilé epo nítòsí abà náà, ni bàbá mi ṣe máa ń fi bẹntiróòlù pamọ́ síbẹ̀ nínú gálọ́ọ̀nù kan. Ìyá Àgbà ló fi gálọ́ọ̀nù náà ta á lọ́rẹ. Ó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ kó tó gbé e fún un.

Àsìkò ọyẹ́ ni ìkọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Bí mọ́tò bá dúró sójú kan, á máa dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni tí ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n bí bàbá mi bá tẹ̀ ẹ́ kí ó gun òkè, á kọ́kọ́ lọ́ra, á wú hẹ̀-hẹ̀-hẹ̀, á wá máa fò tagítagí, tí orí gbogbo wa á máa mì bí orí alángbá. Bí oòrùn bá ti mú, ìkọ́ tán nìyẹn. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé bí Ìyá Àgbà kò bá sí nínú mọ́tò, kì í wúkọ́ rárá.

Òun náà kíyè sí i. Lọ́jọ́ kan, ó sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà, ó fún ìró rẹ̀ mọ́dìí. Ó ní, "Ẹ máa lọ. Mọ́tò yìí kò gba tèmi. Orí mi ló ń kìlọ̀ fún mi pé kí n má jẹ́ kí wọ́n fi abẹ kan ojú mi." Kò sí ẹ̀bẹ̀ tí ìyá mi kò bẹ̀ ẹ́. A dá a padà sílé. Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ sì ti sún mọ́lé.

Mẹkáníìkì wa ní Ṣakí pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná, ó fi sáńpépà nu kọ́ńtáàtì tí iná ń gbà kọjá, kò rí àìsàn kankan. Bàbá mi ní kì í ṣe ti iná. Mo rántí àlàyé rẹ̀ títí dòní: bí púlọ́ọ̀gì kan bá kú, mọ́tò kò ní í dún dáadáa, ì báà dúró ì báà máa rìn. Ṣùgbọ́n èyí tó ń dún dáadáa lórí ìdúró, tó wá ń wúkọ́ nígbà tí a bá béèrè agbára lọ́wọ́ rẹ̀, òùngbẹ epo ló ń gbẹ ẹ́. Nǹkan kan ń dí i lọ́fun.

Nígbà tí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ku ọ̀la, a padà sí abà. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó lóun kò lọ. Bàbá mi da epo inú gálọ́ọ̀nù sí mọ́tò bí ìṣe rẹ̀, ó jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀ nínú òtútù, ó pa á, ó wá tú ife dígí kékeré tí epo ń gbà kọjá kó tó dé kabúrétọ̀, ibi tó ti ń pàdé afẹ́fẹ́. Nǹkan funfun kan wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ọ̀rá ọbẹ̀ àná. Ó fi ìka ra á, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wo gálọ́ọ̀nù, ó wo Ìyá Àgbà. Ta ni yóò wo ojú àna rẹ̀, kó ní ẹ̀bùn tó fún òun ló ń ba mọ́tò jẹ́? Ó sọ ọ́ sí ìyá mi létí. Ìyá mi náà ò lè là á jáde.

Ìyá Àgbà ní, "Kí lẹ ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ yẹn? Ojú ló ń dùn mí, kì í ṣe etí."

Ìyá mi bá fi díẹ̀ sí i ní àtẹ́lẹwọ́. Ìyá Àgbà fi àtàǹpàkò ra á, ó gbé e sí imú, ó bú sẹ́rìn-ín. "Òrí ni! Òrí tèmi ni, ọwọ́ mi ò lè ṣì í mọ̀. Gálọ́ọ̀nù yẹn ni mo fi ń ru òrí yíyọ́ lọ sọ́jà. Èyí tó kù ní kọ̀rọ̀ ẹ̀ ni ojú mi ò rí." Bàbá mi ti dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má bínú. Ìyá Àgbà ní, "Ẹ dìde jàre. Èmi gan-an, bí ẹ bá da òrí sí mi lọ́fun ní ìdájí ọyẹ́, ṣé mi ò ní í wúkọ́ ni?"

Àṣé ìdájí tí a bá fẹ́ gbé Ìyá Àgbà nìkan ni epo inú gálọ́ọ̀nù náà ń wọ mọ́tò, òtútù á sì mú òrí inú ẹ̀ dì títí oòrùn á fi yọ́ ọ. A fa gbogbo epo inú táǹkì dànù. Bàbá mi tú kabúrétọ̀, ó fi ẹnu fẹ́ àwọn ihò tín-tìn-tín inú ẹ̀ títí ètè rẹ̀ fi funfun. Alálùpùpù kan lábà fún wa ní epo tó mọ́. Ìyá Àgbà wọ iwájú mọ́tò, ó gbá ọwọ́ mi mú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó béèrè pé, "Ṣé a ti dé òkè yẹn?" Mo ní, "Ìyá, a ti kọjá ẹ̀." Ó mí kanlẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ojú rẹ̀, bàbá mi ni Ìyá Àgbà kọ́kọ́ wò. Ó ní, "Bàbá Múínátù, irun yín dà?"

Lónìí, èmi fúnra mi ni mo ń tún mọ́tò mi ṣe. Mo ní ẹ̀rọ kékeré kan tí mo máa ń kì bọ abẹ́ ìdarí ọkọ̀, kíá ló máa ń sọ ibi tó ń dùn ún. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò sì ní í purọ́ pé ayé àtijọ́ dára jù. Àmọ́ bí mọ́tò bá dúró lọ́nà báyìí, àwọn ọmọ mi á máa tẹ fóònù lẹ́yìn títí n ó fi tún un ṣe tán. Nígbà tiwa, gbogbo wa la máa ń sọ̀ kalẹ̀. Bàbá mi lè tún mọ́tò náà ṣe kíá, kó sì fi dandan gbé àna rẹ̀ lọ. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dúró títí ẹ̀rù fi kúrò lọ́kàn ìyá arúgbó náà, tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ mọ́tò. N kò tíì rí ẹ̀rọ tó lè ṣe ìyẹn.