Ilẹ̀kùn Tí Mo Ṣe sí Mọ́ṣáláṣí

Irú ilé mẹ́ta péré ni mo mọ̀ ọ́n yà kí n tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba: ilé ìwé, ọ́fíìsì àti ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mí, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ọmọ ọ̀gá ilé ìwé. Tí ẹ bá ní kí n ya ilé adìyẹ fún yín, ẹ ṣọ́ra, kí fèrèsé rẹ̀ má lọ ṣe ṣóńṣó lórí bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ìdí nìyí tí ẹnu fi yà mí nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Ìdógùn pé èmi ni n ó ya puláànù mọ́ṣáláṣí tí wọ́n fẹ́ kọ́ sórí ilẹ̀ tí ọkọ òun fi sílẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ti ẹ̀gbọ́n mi yìí. Mùsùlùmí, àgbẹ̀ kòkó kan ní Ìdógùn, ló fẹ́, ó sì bá a kírun. Bàbá wa ò gbà. Lọ́jọ́ tí wọ́n so yìgì, bàbá ní ọmọ òun tó bá fẹsẹ̀ kan mọ́ṣáláṣí kó má padà wálé. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà. Mo yọ́ lọ. Mo wọkọ̀ dé Ìdógùn, mo dúró sábẹ́ igi fúrúùtù tó kọjú sí mọ́ṣáláṣí, òjò ń pa mí, mò ń gbọ́ ohùn wọn nínú ilé, n kò sì wọlé. Nígbà tí wọ́n parí, mo padà sí Ọ̀wọ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, n kò sọ fún òun náà. Ó ti lé ní ogójì ọdún, ó ṣì ń dùn mí. Nítorí náà, nígbà tó sọ pé òun ti fọwọ́ sọ̀yà fún ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí pé àbúrò òun ò ní dójú ti òun, mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Mo fẹ́ ṣe ọ̀kan yìí dáadáa fún un.

Ìgbìmọ̀ ọ̀hún, Ọlọ́run ló mọ bí mo ṣe fara dà á. Ẹnì kan tó ti ta obì ní Kánò rí fẹ́ ilé alámọ̀ bíi ti òkè ọ̀hún, tí ògiri rẹ̀ nípọn, tí nǹkan ṣóńṣó yọ ní igun òrùlé bí eyín ọmọdé. Mo bi í bóyá ó ti gbàgbé irú òjò tó ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹnì kejì ti dé Mẹ́kà. Ilé gogoro mẹ́rin ló fẹ́, lórí ilẹ̀ tí ọkọ̀ akẹ́rù kan ò lè ti yí padà. Àwọn ọ̀dọ́ ní tiwọn gbé fóònù síwájú mi, wọ́n fi mọ́ṣáláṣí ilẹ̀ Tọ́kì hàn mí, òrùlé rìbìtì lórí òrùlé rìbìtì, bí ìgbà tí èèyàn to igbá dojú dé. Èyí tó wù mí ni irú èyí tí mo rí ní Èkó nígbà tí mo lọ ṣe kọ́ọ̀sì, ti àwọn tó ti Bràsíìlì dé láyé àtijọ́, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe òdòdó sí etí fèrèsé. Mo sọ fún wọn pé ó lẹ́wà. N kò sọ fún wọn pé torí ó jọ ṣọ́ọ̀ṣì ló ṣe lẹ́wà lójú mi.

A wá fẹnu kò sórí òrùlé rìbìtì kan, ilé gogoro kúkúrú kan, àti fèrèsé tó ṣe ṣóńṣó lórí. Lémọ́mù wọn, ọmọ Ìwó kan tí ohùn rẹ̀ tutù, gbóríyìn fún fèrèsé yẹn gidigidi. Ó ní ó hàn pé mo ti kàwé nípa iṣẹ́ àwọn Lárúbáwá. Mo dúpẹ́.

Òun náà ló fi fóònù wá kìbúlà, ìhà Mẹ́kà tí wọ́n ń kọjú sí kírun, ó nawọ́ sí ìlà oòrùn, ó yà á sósì díẹ̀. Mo ní ìlà oòrùn ni pẹpẹ tiwa náà ń kọjú sí, kò sí wàhálà. Ó ní kí àárín ògiri yẹn yọ síta, kí lémọ́mù ráyè dúró níbẹ̀. Mo mi orí bí ọ̀gá. Lójú tèmi, fẹ́sìrì ló ń sọ, yàrá tí àlùfáà wa ti ń wọ aṣọ funfun kó tó jáde sí ìjọ. Ta ló wá ń gba àárín ìjọ kọjá lọ wọṣọ? Bí mo ṣe fi ilẹ̀kùn sí ẹ̀yìn rẹ̀ nìyẹn. Kì í sì í ṣe ilẹ̀kùn yẹpẹrẹ. Ìrókò ni, káfíńtà mi ní Ùsò ló kàn án.

Lémọ́mù lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ ní Ìwó fún bí oṣù méjì. Àwọn tó kù ò bi mí ní nǹkan kan, ṣebí òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí. Nígbà tó fi máa dé, ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òun, ìgbìmọ̀ àti ẹ̀gbọ́n mi jọ wọlé, ó wo ilẹ̀kùn náà títí.

“Bàbá, ta ló ń gba ibí wọlé?”

Mo ní òun ni. Mo ṣàlàyé pé ibẹ̀ ni yóò ti máa wọṣọ.

“Ilé mi ni mo ti ń wọṣọ wá, Bàbá. Ibí ni gbogbo wa máa kọjú sí. Tí ẹnì kan bá ṣí i, ewúrẹ́ ìta la ó máa wò.”

Ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín, ẹni Kánò fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ló ń wò. Ojú tì mí ju bí ó ṣe tì mí rí láyé mi lọ.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti bíríkìlà yọ ilẹ̀kùn, a fi búlọ́ọ̀kù dí ojú rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo rẹ́ ẹ. Bí ẹ bá wò ó dáadáa lónìí, ẹ ó rí i pé ibẹ̀ ò tẹ́jú tó. Mo fẹ́ gbé ilẹ̀kùn náà padà sí Ọ̀wọ̀ kí n lọ fi pamọ́, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ní ẹnu ọ̀nà àwọn obìnrin ò tíì ní ilẹ̀kùn, pé ibẹ̀ ni kí wọ́n gbé e kọ́. Ni ẹnì kan bá ṣàkíyèsí pé téèyàn bá sún sẹ́yìn, iṣẹ́ ọnà ojú ilẹ̀kùn náà ṣe bí àgbélébùú. Ìgbìmọ̀ tún fẹ́ ṣèpàdé lórí ìyẹn. Lémọ́mù ní kí wọ́n kùn ún láwọ̀ ewé, kí wọ́n sì yéé sún sẹ́yìn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́, mo lọ síbẹ̀. Mo dúró síta, lẹ́bàá ọkọ̀ mi, mò ń ṣe bí ẹni ń yẹ òrùlé wò. Wọ́n kírun tán, èrò tú ká. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé yẹn, ó dúró sí àárín rẹ̀.

“Ìwọ yìí, ṣé o tún fẹ́ dúró síta ni? Òjò yẹn pa ẹ́ gan-an lọ́jọ́ tí mo ṣe yìgì. Mo rí ẹ láti ojú fèrèsé.”

Ó ní látọjọ́ náà lòun ti ń retí kí n wọlé.

“Ilẹ̀kùn rẹ rèé. Wọ ulé.” Ohùn Ọ̀wọ̀ wa ló fi sọ ọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bọ́ bàtà mi. Ìbọ̀sẹ̀ mi lu níbi àtàǹpàkò, ó sì rí i.